Ẹnubodè Àìgbàṣẹ: Bí A Ṣe Ń Wá Wi-Fi Tí Ọ́fíìsì Kò Mọ̀ Nípa Rẹ̀

Bí ẹ bá dúró sí Alágbàká ní Àkúrẹ́, lágbègbè ibi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, tí ẹ ṣí fóònù yín láti wo àwọn Wi-Fi tó wà nítòsí, orúkọ tí yóò tò wálẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí ẹ lè fi ojú kan kà tán lọ. Orúkọ ọ́fíìsì á wà níbẹ̀, ti báńkì, ti ilé oúnjẹ, àti ti fóònù ẹnì kan tó ń kọjá lọ nínú mọ́tò. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú fóònù. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ni pé nínú gbogbo wọn, èwo ló so mọ́ wáyà inú ọ́fíìsì láìjẹ́ pé ọ́fíìsì náà mọ̀? Báwo la sì ṣe ń wá a rí?

Kí ó má ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ èyí. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó yà sí ọ̀nà kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tó parí lọ́dọ̀ mi, ló ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́ tó ní ẹ̀ka sí ìlú Oǹdó. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Ìwé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n ń tọ́jú: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ẹni tí yóò jogún. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kí ẹnì kan rí i gbà, kó pe àgbàlagbà lórí fóònù, kó dárúkọ rẹ̀ àti ọdún tó fẹ̀yìn tì, kó wá ní òun ń pè láti ọ́fíìsì, kí lẹ rò pé àgbàlagbà náà máa ṣe? Á dá a lóhùn ni. Mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí owó wọn gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ni ọmọ náà wá bá mi wá. Ó ní, “Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí rogue access point, àmọ́ tí mo bá ti sọ ọ́ lédè Òyìnbó, aago ni wọ́n máa ń wò. Kí la lè máa pè é ní Yorùbá?” Mo ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun náà fún mi ná, nítorí a kì í sọ ọmọ lórúkọ láìrí ojú rẹ̀. Ọ̀sán méjì ló fi ṣàlàyé, ó sì mú mi rìn yí ọ́fíìsì náà ká pẹ̀lú laptop lọ́wọ́.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì tí ẹ̀ ń gbé dání nígbà tí ẹ wà ní kíláàsì, ti 1984 àti ti 1990, kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ọdún 1997 ni ìlànà 802.11 jáde, ọdún 1999 ni orúkọ Wi-Fi sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí access point ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Ibi tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti pàdé ọ̀nà wáyà ni. Àwọn ìlú wa àtijọ́ ní odi, odi náà ní ẹnubodè, oníbodè sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń bi àlejò pé níbo lo ti ń bọ̀, kí lo rù, tó sì ń gba owó bodè. Torí náà mo ní kí a pè é ní ẹnubodè. Èyí tí ọ́fíìsì kò mọ̀ nípa rẹ̀ á wá jẹ́ ẹnubodè àìgbàṣẹ. Ó dà bí ihò tí baálé kan dá sí ara odi lẹ́yìn ilé rẹ̀ kó lè tètè dé oko. Baálé yìí kò ní èrò ibi. Àmọ́ ogun tó bá wá lóru kò ní béèrè ẹni tó gbẹ́ ihò.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Wi-Fi ọ́fíìsì kò dé yàrá ẹnì kan. Ó lọ sí òpópónà Ọba Adésídà, ó ra ráútà kékeré, ó padà wá kì í bọ ihò wáyà tó wà lára ògiri lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì dé. Password tó wà nídìí ráútà láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló fi sílẹ̀, tàbí kó tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò pátápátá kó má bàa máa dá àwọn ara yàrá lóhùn. Láti ìgbà náà, ẹni tó jókòó nínú mọ́tò níwájú ọ́fíìsì, tàbí tó ń jẹ ìrẹsì lábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà, lè wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni tó ní tábìlì níbẹ̀. Firewall tí wọ́n fi owó ńlá rà, iwájú ló kọjú sí, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé. Ẹ̀yìn ilé ni ti ẹni yìí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán ni. Ní Amẹ́ríkà, ní 2005, àwọn ọ̀daràn jókòó nínú mọ́tò níta ilé ìtajà Marshalls kan, wọ́n sì gba inú Wi-Fi rẹ̀ tí ààbò rẹ̀ kò lágbára wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì TJX, ilé-iṣẹ́ tó ni ilé ìtajà náà. Nígbà tí àṣírí tú ní 2007, nọ́ńbà káàdì ìsanwó tó ti lọ ju mílíọ̀nù 45 lọ. Wi-Fi ti ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ pé ó wà. Ẹ wá ro èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà. Ìlànà PCI DSS tí gbogbo ẹni tó ń gba owó káàdì ń tẹ̀ lé sọ ọ́ pé kí wọ́n máa wá ẹnubodè àìgbàṣẹ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kódà bí ilé-iṣẹ́ náà bá ní àwọn kì í lo Wi-Fi rárá. Mo fẹ́ràn apá ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó ní òun kò ní ẹnubodè kankan ló yẹ kó kọ́kọ́ yí odi rẹ̀ ká.

Etí méjì ni a fi ń wá a, ọ̀kan sí afẹ́fẹ́, ọ̀kan sí wáyà. Ti afẹ́fẹ́ ló rọrùn láti lóye.

Gbogbo ẹnubodè Wi-Fi ló ń kígbe orúkọ ara rẹ̀ síta, ní ìwọ̀n ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Igbe yẹn ni fóònù yín ń gbọ́ tó fi ń to orúkọ sílẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá tilẹ̀ ní kó fi orúkọ pa mọ́, kò dákẹ́. Òfìfo ló ń fi sí ipò orúkọ, igbe ń lọ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n bá sì fẹ́ wọlé, orúkọ á jáde lẹ́nu wọn. Torí náà, àwọn tó ń sọ pé àwọn ti fi Wi-Fi àwọn pa mọ́, ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Lẹ́yìn orúkọ, ó tún ń kígbe nọ́ńbà kan tó ní àmì méjìlá, láti 0 dé 9 àti láti A dé F. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, torí àjọ IEEE ló ń pín in fún wọn. Ilà ojú ni. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan tí ilà kọ̀ọ̀kan tó gùn tó sì fẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ ti mọ̀ pé Oǹdó ni kó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mọ ilà ẹ̀rọ ṣe máa wo nọ́ńbà kan tí á sọ pé TP-Link ni èyí, tàbí Tenda, nígbà tó jẹ́ pé oríṣi mìíràn ni ọ́fíìsì ń rà.

Àmọ́ ilà ẹ̀rọ ṣe é fi tìróò kùn. Èèyàn lè fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà tó wù ú. Fóònù òde òní pàápàá ń pààrọ̀ nọ́ńbà tirẹ̀ kí wọ́n má bàa máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà fi ohun kan hàn mí tó dùn mọ́ mi: bí àmì kejì nínú méjìlá náà bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, a jẹ́ pé kì í ṣe nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi bí i ni, a ṣe é fún un ni. Kì í ṣe ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn o, nítorí ẹnubodè gidi tó ń jẹ́ orúkọ méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn orúkọ yòókù. Ó kàn ń sọ fún wa pé kí a má fi ilà nìkan dájọ́.

Orúkọ ni kí a má tilẹ̀ fi dájọ́ rárá. Ní 2023, àwọn ọ̀gá kan nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ USS Manchester dá owó jọ ra Starlink, wọ́n so àwo rẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀ láìgbàṣẹ, wọ́n ń lò ó láàárín ara wọn lójú agbami. Orúkọ tí Wi-Fi náà ń jẹ́ ni STINKY. Àwọn ọmọ ogun tó wà nísàlẹ̀ rí orúkọ náà lórí fóònù wọn, ariwo bẹ̀rẹ̀. Kí ni obìnrin tó jẹ́ olórí wọn ṣe? Ó yí orúkọ náà padà kó dà bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n wá inú ọkọ̀ náà, wọn kò rí nǹkan kan. Oṣù kẹjọ ni òṣìṣẹ́ kan tó wá fi ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí síbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwo àjèjì náà. Wọ́n gbé olórí yìí lọ sílé ẹjọ́ ológun, wọ́n sì rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò, ọkọ̀ ogun lójú òkun, níbi tí kò sí aládùúgbò kankan tí a lè ní tirẹ̀ ni Wi-Fi náà, oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀. Mélòó mélòó ni Alágbàká.

Orúkọ tún ní ewu tirẹ̀ tó kan iṣẹ́ tèmi. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń pariwo lórí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, pé ẹni tí kò bá fi àmì sí i ti da mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan. Nínú Wi-Fi, òdìkejì rẹ̀ ló ń bani lẹ́rù: ohun tí ojú rí bí ọ̀kan lè jẹ́ méjì fún ẹ̀rọ. Orúkọ Wi-Fi kò ju báìtì 32 lọ, báìtì yẹn nìkan sì ni ẹ̀rọ ń kà. “Akure” láìsí àmì jẹ́ báìtì 5. “Àkúrẹ́” tí a kọ dáadáa jẹ́ 11. Ẹ tún wò ó: lẹ́tà “ẹ” ṣe é kọ bí ẹyọ kan, ó sì ṣe é kọ bí “e” tí a wá fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹnubodè tó fẹ́ jọ tiyín sílẹ̀ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tún lè lo orúkọ yín gẹ́lẹ́, nítorí kò sí òfin tó ní kí ẹ̀rọ méjì má jẹ́ orúkọ kan. Ìbejì burúkú ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ní Ọsirélíà ní 2024, ọlọ́pàá fi ẹ̀sùn kan ọkùnrin kan tó ń gbé irú rẹ̀ wọ inú bàálù àti pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ló kíyè sí i pé Wi-Fi kan wà lókè tí kì í ṣe tiwọn. Ohun tó dára ni kí ọ́fíìsì ní ìwé kan tí nọ́ńbà gbogbo ẹnubodè tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń rìn kiri máa fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Ìwé yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ́fíìsì tí kò mọ iye ẹnubodè tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ló fẹ́ pè ní àjèjì?

Ká ní a ti gbọ́ igbe tí a kò mọ̀. Báwo la ṣe máa mọ ibi tó ti ń wá? Bí a ṣe ń mọ ilé tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lóru ni: a ń rìn, a ń gbọ́ bó ṣe ń le sí i. Nọ́ńbà ni laptop fi ń sọ bí ohùn ṣe le tó, òdo ni kò sì sí lókè. −30 túmọ̀ sí pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. −90 túmọ̀ sí pé agbára káká lẹ fi ń gbọ́ ọ. Ara ènìyàn máa ń dí i, torí náà bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ sí àyà tí ẹ ń yípo níbi kan náà, ẹ̀yìn yín ló kọ sí i nígbà tí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀ jù. Bíríkì, páànù àti táńkì omi náà ń dí i. Èyí tó ń lo 2.4 GHz ń gba ara ògiri kọjá ju èyí tó ń lo 5 GHz lọ. Ìdí nìyẹn tí fóònù àtijọ́ tí kò lè gbọ́ ju 2.4 lọ kò fi yẹ fún iṣẹ́ yìí: ó lè jẹ́ pé 5 ni ihò odi náà ń lò, kí ẹ rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní òkè òkun kò mọ ọgbọ́n kan tí a ní níbí. Iná ni. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì tó tàn, ẹ wo afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ráútà ti kú. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni fóònù, MiFi tó ní bátìrì, àti ti aládùúgbò tó ní inverter. Bí ẹ bá wá tan jẹnẹrétọ̀ tiyín nìkan, àwọn Wi-Fi tó bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, inú ilé yín ni wọ́n wà, tàbí ní ilé tó ń gba iná lọ́wọ́ yín. Ẹ tún lè pa iná àjà kan ṣoṣo láti ara bọ́ọ̀dù, kí ẹ wo èyí tó dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òun kò rí i kà níbikíbi, àìrí-iná ló kọ́ òun. Ìgbà tí èèyàn ń rìn náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń rìn ní aago méje àárọ̀ nìkan kò ní rí ráútà tí olúwarẹ̀ ń tàn ní aago mẹ́wàá tó sì ń pa ní aago mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ká rí i nínú ilé wa kò tíì sọ pé ó so mọ́ wáyà wa. Hotspot fóònù tí ọmọ ọ́fíìsì fi dátà MTN tàbí Airtel rẹ̀ tàn, nínú ilé ni, àmọ́ kò kan wáyà wa. (Ìyẹn ní wàhálà tirẹ̀, bí laptop kan bá wà lórí wáyà àti hotspot lẹ́ẹ̀kan náà, n kò ní wọ ibẹ̀ lónìí.) Ibí ni etí kejì ti wúlò.

Gbogbo wáyà tábìlì ló ń lọ sí inú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní switch. Switch tó ṣe é bá sọ̀rọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ihò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ta ni mo gbọ́ níbẹ̀. Ihò tábìlì kan kò yẹ kó ju nọ́ńbà kan lọ, méjì bí fóònù orí tábìlì bá wà. Ihò tí ẹ bá bá nọ́ńbà mẹ́fà níbẹ̀, ẹnì kan ti so nǹkan mọ́ ọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú kì í jẹ́ kí èrò ẹ̀yìn wọn fojú hàn. Nọ́ńbà tiwọn nìkan ni wọ́n ń fi síta. Ẹ̀yin á wá wo ilà: ṣé ti kọ̀ǹpútà ni àbí ti ráútà? Ráútà náà sì lè ya nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tábìlì lò, bọ́tìnnì rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà náà, ilà Oǹdó pé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, àfi kí a jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni TTL. Gbogbo ìdì dátà tó bá jáde láti orí kọ̀ǹpútà ló gbé nọ́ńbà kan dání, bí arìnrìn-àjò tó gbé owó bodè dání. Ráútà kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá á yọ ọ̀kan nínú rẹ̀, bí owó bá tán lọ́nà, wọ́n á da ìdì náà nù. Windows ń gbé 128 kúrò nílé. Linux, Android àti iPhone ń gbé 64. Láti orí tábìlì dé switch, kò yẹ kí ẹnubodè kankan wà láàárín, owó gbọ́dọ̀ pé. Bí ìdì dátà bá jáde láti ihò tábìlì kan tó gbé 127 tàbí 63 dání, ó ti san owó bodè níbì kan. Bodè wo? Ohun tí à ń wá nìyẹn. Ẹni tó gbọ́n gan-an lè mú kí ráútà rẹ̀ kún owó náà padà, àmọ́ ẹni tó ra ráútà kó lè rí Wi-Fi lò ní yàrá rẹ̀ kì í mọ ìyẹn ṣe.

Ìgbà míì, kò sí ọgbọ́n kankan tí a lò tó fi jáde. Ẹ̀ka Oǹdó nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kò rí fáìlì kankan ṣí mọ́, àwọn ìyókù ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wo àdírẹ́ẹ̀sì orí kọ̀ǹpútà tí kò ṣiṣẹ́, 192.168.0 ló fi bẹ̀rẹ̀, ti ọ́fíìsì kò sì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti ń pín àdírẹ́ẹ̀sì bí ẹni pé òun ni baálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ráútà ní ihò kan tó kọjú síta àti ihò mélòó kan tó kọjú sínú. Èyí tó kọjú sínú ni wọ́n fi wáyà ògiri kì, ráútà náà wá rò pé gbogbo ọ́fíìsì ni ọmọ ilé òun. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi bá a lẹ́yìn àpótí ìwé ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Switch tó dára ní ètò kan tí kì í jẹ́ kí ihò tábìlì máa pín àdírẹ́ẹ̀sì. Títàn ni wọn kò tàn án.

Ìyá kan tó ń tọ́jú fáìlì níbẹ̀ ló ra á, owó àpò rẹ̀ ló fi rà á. Ráútà náà ti wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wáyà rẹ̀ tó yọ, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi dá a padà sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Wi-Fi ọ́fíìsì kò dé yàrá yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, ìyá náà ti kọ lẹ́tà, kò sí èsì. Àwọn àgbàlagbà tó wá láti abúlé ń jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nítorí fáìlì ẹnì kan gba kí ó gòkè lọ lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ọ̀gá kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ kí wọ́n fún un ní query, kí wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ná. Akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí pé, “Prof, kí lẹ rò sà?”

Èrò tèmi ni pé ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì yẹn lè jẹ́ èmi. Mo fẹ́ kí wọ́n tètè dá mi lóhùn, n kò sì fẹ́ kí nọ́ńbà àkáǹtì mi wà nínú afẹ́fẹ́ Oǹdó fún ẹni tó bá ní laptop. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 wà lẹ́yìn mi lórí ìkejì: ọ́fíìsì tó ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, bí ó bá sì jò lọ́nà tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó Kọmíṣọ́nnì létí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ìyá yìí dúró, àwọn mìíràn tí wọ́n ní ráútà lẹ́yìn tábìlì kò ní yọ tiwọn, fífi pamọ́ ni wọ́n á túbọ̀ kọ́. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá náà pé kí wọ́n fún gbogbo ẹ̀ka ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ohun tó bá wà lẹ́yìn tábìlì jáde láìsí ìbéèrè, kí wọ́n sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni Wi-Fi tòótọ́ kò dé.

Wọ́n gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ráútà mẹ́rin ló jáde, ọ̀kan jẹ́ ti igbákejì ọ̀gá tó fẹ́ kí wọ́n dá ìyá náà dúró. Wọ́n fún ìyá náà ní lẹ́tà ìkìlọ̀. Wọ́n ra ẹnubodè méjì fún Oǹdó, ọ̀kan wà lókè ẹnu ọ̀nà yàrá fáìlì.

Ohun méjì kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹnikẹ́ni nínú yín má bàa kó sí wàhálà. Bí ẹ bá rí Wi-Fi tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe fipá wọ inú rẹ̀ láti wò ó. Ó lè jẹ́ ti aládùúgbò, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 kò sì fàyè gba kí èèyàn wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Láti ọ̀dọ̀ tiyín lẹ ti lè dán an wò: ẹ fi dátà tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà sí ihò tí ẹ fura sí, kí ẹ máa wo afẹ́fẹ́ bóyá ìró tó bá ìwọ̀n yẹn mu á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tàbí kí ẹ yọ wáyà ihò náà ní switch, kí ẹ wo ẹni tó máa wá ráhùn. Èkejì, ẹ̀rọ wà tó lè máa lé gbogbo ènìyàn kúrò lórí Wi-Fi tí ẹ kò fẹ́. Ilé ìtura kan ní Nashville tó wà lábẹ́ Marriott lò ó láti fi dí hotspot àwọn àlejò rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 dọ́là lọ́wọ́ Marriott ní 2014.

Oṣooṣù ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ń rìn yí ọ́fíìsì méjèèjì ká báyìí, ọjọ́ kan ní Àkúrẹ́, ọjọ́ kan ní Oǹdó, kì í sì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí ni ètò 802.1X, tí ihò ògiri kò ní dá ẹ̀rọ kankan lóhùn títí tí ẹ̀rọ náà á fi sọ ẹni tó jẹ́. Ìyẹn á dá oníbodè padà sí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní owó rẹ̀ kò sí nínú ìṣúná ọdún yìí. Ìwé nọ́ńbà ẹnubodè wọn ti wà lára ògiri yàrá switch ní Oǹdó, tí wọ́n fi Yorùbá kọ, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.